Iṣẹ́ Tí Ìyá Rán Mi

Ìyá náà sọ̀rọ̀ pẹ́. Orí àpótí ló jókòó sí, lẹ́bàá àpáta tó sá èlùbọ́ sí, ó ń fọwọ́ yí èlùbọ́ náà padà bó ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lójú àlejò. Nígbà tó dákẹ́, akọ̀ròyìn òyìnbó tí mo ń ṣe ògbufọ̀ fún kọjú sí mi, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń retí. Mo ní, "Ó ní ọ̀nà wọn kò dára." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá wá yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ohun tí mo sọ yẹn náà lo ti sọ fún un tán?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Abúlé kan ni, lápá Òkè-Ògùn, bí èèyàn bá kọjá Ìsẹ́yìn tó tún rìn jìnnà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún mi, abúlé mẹ́ta ló ṣì kù tí a fẹ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣú, dírẹ́bà sì ti ń fun fèrè. Gbogbo àwáwí tí mo ní nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ fún ara mi títí ó fi gbó. Akọ̀ròyìn náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀rọ̀ àwọn aboyún tó ń kú sójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbé wọn dé ọsibítù ló wá kọ, ó sì kọ ọ́. Nígbà tó délé, ó fi ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi. Àwòrán ìyá wà níbẹ̀, èlùbọ́ wà níwájú rẹ̀. Apá ọmọdé kan tó di igi mú hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, wọ́n ti gé ìyókù ọmọ náà dànù. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tí ìyá sọ sí, wọ́n sì fi àmì sí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni: "Ọ̀nà wa kò dára." Ọ̀rọ̀ mi ni. Ẹnu ìyá ni wọ́n fi í sí.

Ṣáájú ìgbà náà, mo fẹ́ràn láti máa pa á lówe pé àlejò lójú, kò fi ríran. Bí ìwé ìròyìn òkèèrè bá kọ ohun òdì nípa wa, òwe yẹn ni mo máa ń nà jáde bí ọ̀pá. Ó dùn ún pa, torí pé ó ń dá ará ilé láre kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, lẹ́bàá àpáta, ojú àlejò kò fọ́. Ó là kedere, ó ń wo ẹnu ìyá. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló bò ó.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni n kò ṣe lè ka Basil Davidson, òyìnbó tó kọ ìtàn Áfíríkà, mọ́ bí mo ti ń kà á nígbà èwe. Ara ìwé ìtàn tí a lò ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti kọ́kọ́ rí orúkọ rẹ̀, ìwé lórí ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 1000 sí 1800, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1965. Orúkọ F. K. Buah, ọmọ Gánà, tẹ̀ lé tirẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé J. F. Adé Àjàyí ló ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, Àjàyí ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà náà, ohun tí mo rí kò ju pé òyìnbó ló tún wá ń sọ ìtàn Mali àti Songhai àti Ọ̀yọ́ fún wa. Ó dà bí ẹ̀bùn lójú mi, ó sì dà bí ìtìjú. N kò béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè: ta ló sọ ọ́ fún òun náà? Ta ló jókòó sáàárín?

Bí ó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí là ń wò, kò sí ohun tó fún Davidson láṣẹ láti pe ara rẹ̀ ní òpìtàn. Ìlú Bristol ni wọ́n ti bí i, ní 1914. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Lára iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí ṣe ni pé kó máa lẹ ìwé ìpolówó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn ayé rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn mi: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mú gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, tó ń polówó èso tó ti ilẹ̀ olóoru wá, láìsí orúkọ ẹni tó gbìn ín lára ìwé tó ń lẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti wá ọ̀nà dé ìdí iṣẹ́ ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, ìjọba Ìlú Ọba gbé e wọ iṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí Budapest ní ilẹ̀ Hungary, iṣẹ́ ìròyìn ló fi bojú. Ogun lé e dé Yugoslavia, àwọn ọmọ ogun Ítálì mú un, wọ́n sì dá a sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n. Ní oṣù Ògọ́sítì 1943, ó fi páráṣúùtì bọ́ sílẹ̀ ní Bosnia láti lọ bá àwọn ajàjàgbara tó ń bá Jámánì jà.

Ilẹ̀ tí wọ́n wá mú un gbà lọ, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa ni. Yàtọ̀ sí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Fruška Gora, kò síbi tó ṣeé sá pamọ́ sí. Oko àgbàdo àti oko àlìkámà ló kù. Níbi tí igbó kò bá sí, èèyàn ni igbó. Ilé àgbẹ̀ ló ń sùn, oúnjẹ àgbẹ̀ ló ń jẹ. Bí ẹnìkan bá tú àṣírí, wọn yóò pa àlejò, wọn yóò sì dáná sun ilé ẹni tó gbà á sílé. Èrò tèmi ni pé níbẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ tó ṣe dọjọ́ alẹ́, kì í ṣe ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn kankan. Àlejò tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ onílé kì í gé ọ̀rọ̀ onílé kúrú. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń gbọ́ pátá, ti ọmọ tó ń ṣàìsàn, ti màlúù tó sọnù, ti àna tó ń bínú, torí pé kò mọ èyí tí yóò gba òun là nínú rẹ̀.

Akọ̀ròyìn tèmi kò sí nínú ewu kankan. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà. Ọkọ̀ wa wà nítòsí, epo kún inú rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, Davidson ṣe akọ̀ròyìn The Times ní Paris. Ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn èèyàn Ìlà-Oòrùn Yúróòpù tí wọ́n fi í pamọ́, ṣùgbọ́n ayé ti pín sí méjì láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà, apá méjèèjì ló sì ń fura sí i. Ilẹ̀kùn yẹn tì mọ́ ọn. Ní 1951, Solly Sachs, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aránṣọ ní Gúúsù Áfíríkà, ní kó wá fojú ara rẹ̀ wo ohun tí ìjọba apartheid ń ṣe. Ó lọ, ó wò ó, ó kọ ìwé lé e lórí ní 1952, ìjọba ibẹ̀ sì fi òfin dè é pé kò gbọ̀dọ̀ tẹ ilẹ̀ àwọn mọ́. Ó kọjá sí Kóńgò àti Àǹgólà, ó rí bí àwọn Pọtogí ti ń fi tipátipá kó èèyàn ṣiṣẹ́ nínú oko àti lójú ọ̀nà, ó tún kọ ìyẹn náà, ní 1955.

Ohun tó mú akọ̀ròyìn di òpìtàn ni mo máa ń rò jù. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn kò ju kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí Davidson dé nígbà náà, ìdáhùn kan ni àwọn aláṣẹ máa ń fún un bó bá béèrè ìdí tí wọn kò fi fún aláwọ̀ dúdú lómìnira: pé àwọn èèyàn wọ̀nyí kò ṣe nǹkan kan rí láyé, pé ìgbà tí òyìnbó dé ni ojúmọ́ mọ́ wọn. Irọ́ nípa àtijọ́ ni wọ́n fi ń de òní mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn òní dáadáa, àfi kó lọ gbọ́ tàtijọ́. Ìwé tó kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ yẹn jáde ní 1959, ó ń sọ nípa àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Áfíríkà, Méróè àti Kilwa àti àwọn odi olókùúta Great Zimbabwe, tí wọ́n tò láìfi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì kankan lẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó tẹ̀dó síbẹ̀ ti sọ pé ará Fòníṣíà ló kọ́ ọ, òmíràn ní ọbabìnrin Ṣébà. Bẹ́ẹ̀, láti 1905 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti sọ pé ọmọ ilẹ̀ náà ló kọ́ ọ, Gertrude Caton-Thompson sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1929. Inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ọ̀rọ̀ náà wà, kò dé ọjà.

Davidson kò hú nǹkan kan jáde nínú ilẹ̀. Kò jókòó ti àpò ìwé àtijọ́ bí Kenneth Dike, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú àwọn ará Niger Delta jáde ní 1956, tó sì la ojú ọ̀nà fún àwọn òpìtàn Ìbàdàn. Davidson gbé iṣẹ́ àwọn wọ̀nyẹn dání, ó lọ fi èdè tí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì lè gbọ́ jẹ́ ẹ. Ní 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn tí ipò rẹ̀ ga jù ní Oxford, sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ìtàn Áfíríkà tó ṣeé kọ́ni, àfi ìtàn ohun tí òyìnbó ṣe níbẹ̀, pé òkùnkùn ni ìyókù. Ọkùnrin yẹn mọ ìwé. Ẹni tó lẹ ìwé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ fèrèsé ló mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé òun gbọ́ ti ẹnu àwọn tó mọ̀. Òun náà, ògbufọ̀ ni. Nígbà tí ohun tí mo ń sọ yìí yé mi, mo pa ìwé dé, n kò lè kà á síwájú lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kì í ṣe pé òwe wa parọ́. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí àwọn orí amọ̀, ó rí orí Olókun tí wọ́n fi idẹ ṣe. Ẹwà wọn kò pamọ́ fún un, ojú rẹ̀ mú. Ó yìn wọ́n ju bí ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà ṣe lè yin ohunkóhun ní Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ló ní ará Atlantis tó sọnù sínú òkun ló ṣe wọ́n, pé baba àwọn èèyàn tó yí òun ká kò lè ṣe irú rẹ̀. Ọmọ àwọn oníṣẹ́ ọnà náà dúró níwájú rẹ̀, ojú kan náà, imú kan náà, ó ń wá oníṣẹ́ ọnà lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, orí idẹ tún yọ jáde níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn, nínú ilẹ̀ Ifẹ̀. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni òwe ń bá wí. Mo kàn ti ń nà án sí gbogbo àlejò ni.

Ní 1967, Davidson wọ Guinea-Bissau pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ PAIGC, tó ń jà fún òmìnira. Ọwọ́ Pọtogí ni ilẹ̀ náà ṣì wà, ogun sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti 1963. Ilẹ̀ odò ni, ilẹ̀ ẹrẹ̀, oko ìrẹsì lọ́tùn-ún lósì, kò sí òkè gíga. Olórí wọn, Amílcar Cabral, sọ pé níwọ̀n bí àwọn kò ti ní òkè, àwọn aráàlú ni òkè àwọn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọkùnrin tó sá sábẹ́ àgbàdo àwọn àgbẹ̀ ní Yugoslavia lára. Onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni Cabral fúnra rẹ̀. Ní 1953, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba Pọtogí, òun ló lọ láti oko dé oko láti ka ohun tí àwọn àgbẹ̀ Guinea ń gbìn. Ó ti gbọ́ wọn kó tó di pé ó ń darí wọn. Ó sì pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má parọ́ fún aráàlú, kí wọ́n má sì fi ìṣòro pamọ́ fún wọn.

Ìwé tí Davidson kọ nípa ìrìn àjò yẹn jáde ní 1969, Cabral ló sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Nígbà tó tún un ṣe ní 1981, lẹ́yìn tí òmìnira ti dé, òwe àwọn ará Guinea ló fi sọ ìwé náà lórúkọ: pé kò sí ìkúùkù tó tóbi tó láti bo ojú ọ̀run.

Òwe yìí ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ mi kì í ṣe kékeré. Àgbẹ̀ kan, tàbí ìyá kan, ló kọ́kọ́ pa á níbìkan, ní èdè tirẹ̀. Kó tó dé etí Davidson, ó ti lè gba ẹnu méjì mẹ́ta kọjá. Ó rọrùn púpọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró sáàárín láti sọ pé, "Ó ní Pọtogí kò lè borí wa." Ìtumọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn. Kò ní jẹ́ irọ́. Akọ̀ròyìn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ì bá máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan, tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, gbé ìkúùkù náà àti ojú ọ̀run náà látòkè délẹ̀, ó rọra gbé wọn kọjá odò èdè, kò jẹ́ kí ọ̀kan jábọ́ sómi.

A máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Láyé àtijọ́, òwe yẹn ló ń bo ògbufọ̀ láṣìírí: bí ọ̀rọ̀ bá korò jù, ó lè fi oyin díẹ̀ sí i kí ilẹ̀ má baà dàrú. Òun ni mo fi ń tu ara mi nínú, pé ògbufọ̀ ní àṣẹ láti tún ọ̀rọ̀ tò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ ni ìyá rán mi. Tẹrú ni mo fi jẹ́ ẹ.

Ẹni tó sì yẹ kí n wò kò jìnnà rárá. Kí Samuel Johnson tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, jíjíṣẹ́ ló ń ṣe. Sàró ni wọ́n ti bí i, ní 1846, kó tó bá àwọn òbí rẹ̀ wá sí Ìbàdàn. Òun náà fẹ́ jọ àlejò nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ní 1881, òun ló gbé iṣẹ́ Aláàfin Adéyẹmí lọ bá gómìnà ní Èkó, pé kó bá àwọn dá sí ogun tó ń jó ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1886, gómìnà rán òun àti Charles Phillips sí àwọn ibùdó ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, kí wọ́n bá wọn wá àlàáfíà. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin kan láàárín ogun méjì, ọ̀rọ̀ ọba lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ balógun lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ òyìnbó lẹ́nu rẹ̀. Bó bá gé gbólóhùn kan kù nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀mí ló máa bá a lọ. Ẹni tó ti kọ́ irú ìjíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló jókòó ti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, tó gbọ́ tẹnu wọn, tó sì kọ ọ́ parí ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí i. Obadiah àbúrò rẹ̀ ló padà bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, ìwé náà sì jáde ní 1921. Ogún ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n ni iṣẹ́ tí kò jẹ́ tán tó délé.

Síbẹ̀ n kò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Davidson dùn ju bó ti yẹ lọ. Ní ogúnjọ́ oṣù kìíní 1973, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Cabral fúnra rẹ̀ ló pa á ní Conakry. Òmìnira dé, ṣùgbọ́n ní 1980 ológun gba ìjọba Guinea-Bissau lọ́wọ́ Luís, àbúrò rẹ̀, àjọṣe wọn pẹ̀lú Cape Verde sì tú ká. Davidson ti rin igbó Àǹgólà ní 1970 pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ajàjàgbara MPLA, ó sì kọ ìwé tó kún fún ìrètí nípa wọn. Bí àwọn Pọtogí ti ń lọ ní 1975, ọmọ Àǹgólà ń pa ọmọ Àǹgólà, kò sì tán títí di 2002. Ẹni tó bá gbára lé ìwé Davidson nìkan kò ní rí i pé ìjì yẹn ń bọ̀.

Níbi yìí ni iyèméjì ti máa ń mú mi. Àwọn tó mú un rìn nínú igbó náà ni àwọn tí òun fẹ́ kọ̀wé nípa wọn. Ojú ilẹ̀kùn tí onílé bá ṣí ni àlejò ń gbà wọlé. Ṣé kò sí ìyá kan, nínú gbogbo abúlé ìrẹsì wọ̀nyẹn, tó jókòó sórí àpótí, tó sọ̀rọ̀ pẹ́, tó sọ pé ẹ̀rù àwọn ọmọkùnrin oníbọn wọ̀nyí ń ba òun, pé òun kò fẹ́ràn bí ẹnìkan ti ń pàṣẹ, pé bí Pọtogí bá lọ, ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àwọn fúnra wọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì yanjú? Ṣé kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín, tí ilẹ̀ ń ṣú mọ́, tó yíjú sí òyìnbó tó ní, "Ó ní òun wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ wa"? Ọmọkùnrin náà kò ní jẹ́ èèyàn burúkú. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ bí ahọ́n rẹ̀ ti rí lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún Davidson ni pé kò sá fún ìbéèrè náà. Yunifásítì Ìbàdàn ti fi oyè dá a lọ́lá ní 1975. Ní 1984, ayé ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, apá mẹ́jọ, tó ń rìn láàárín àwókù ìlú àtijọ́ pẹ̀lú irun funfun. Ó lè jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti lé ní ọdún 75, ní 1992, ó tún mú ìwé jáde, ó ń bi ìrètí ara rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe é. Ó ní aṣọ tí wọ́n rán fún Yúróòpù ni wọ́n gbé wọ̀ wá lọ́jọ́ òmìnira, tí a pè é ní orílẹ̀-èdè. Pé ohun tí àwọn èèyàn wa mọ̀ nípa bí a ti ń ṣàkóso, bí irú èyí tí Aṣanti ní, ni wọ́n tì sẹ́yìn, tí àwọn alákọ̀wé wa sì bá wọn tì í. Èèyàn lè bá a jiyàn. Èmi náà rò pé ọwọ́ tó fi mú àwọn olórí wa tó jalè dẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó padà lọ gbọ́ ohun tí òun kò gbọ́ dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Ẹni ọdún 95 ni nígbà tó kú, ní oṣù keje 2010.

Èmi kò padà, kó tó di ọdún tó kọjá. Mo ń kó ẹrù láti ilé kan sí òmíràn, mo sì rí kásẹ́ẹ̀tì kan nínú páálí ìwé. Akọ̀ròyìn ló fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi nígbà náà kí n bá a kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ti yá kí n tó bẹ̀rẹ̀, kò sì béèrè rẹ̀ mọ́. N kò ní ohun tí mo lè fi gbọ́ ọ. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, ó wá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó nu eruku orí rẹ̀. Ohùn adìẹ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ohùn ìyá. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà, mo ń dá a padà, mo ń tún un gbọ́. Mo yọ ibi tó ti ń kí wa kúrò, àti ibi tó ti ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́. Ohun tó sọ nìyí:

"Ọ̀nà tí ẹ gbà wá yẹn, ọ̀nà tó dára ni. Ọkọ mi wà nínú àwọn tó là á. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ̀, àdá àti ọkọ́ ni wọ́n fi là á, kò sí kátákátá kankan. Àwa obìnrin là ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Oyún àkọ́bí mi wà nínú mi nígbà náà. Mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ lérí, mo gbé oyún níwájú. Wọ́n là á dé etí odò. Ìjọba ní kí wọ́n dúró síbẹ̀, pé afárá di tàwọn. Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n fi okùn wọn odò, wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀, wọ́n kọ nǹkan sí i. Pátákó yẹn ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìẹ lọ́hùn-ún. Àkọ́bí tí mo gbé nínú lọ sójú ọ̀nà yẹn, òun náà ni odò dá dúró. Ó rọbí lóru, odò kún. Ilẹ̀ ti mọ́ kí omi tó fà. Ọmọ inú rẹ̀ yè. Òun ló dúró lẹ́yìn mi yìí, tó di igi mú. Ẹ wò ó dáadáa, ojú ìyá rẹ̀ ló gbé wá. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ má sọ pé ọ̀nà wa ni kò dára o. A là á dáadáa. Ẹni tó gba odò lọ́wọ́ wa, kó wá ṣe odò. Ó rẹ àlejò yìí, mo rí i lójú rẹ̀. Ọmọ mi, bá mi bi í, ṣé ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé? Ṣé ó mọ ibi tí ọmọ òun dé?"

Lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, adìẹ kan ké. Dírẹ́bà fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì ń dúró dè mí.